Àwo Kan, Ohùn Púpọ̀: Kí Ló Wà Nínú Àkójọ Orin Ráàpù Ìgbàgbọ́ Tó Ń Fa Ọ̀dọ́ Mọ́ra?

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ráàpù ìgbàgbọ́ ṣe rìn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti inú yàrá àwọn ọ̀dọ́ títí tí ó fi dé orí pèpéle àmì-ẹ̀yẹ Grammy, yóò rí ọ̀nà púpọ̀ tí ó lè tọ̀. Àwọn kan máa ń gba ọ̀dọ̀ gbajúmọ̀ olórin wọlé. Àwọn mìíràn máa ń gba inú ìjọ wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ojú kì í sábà tó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ràn orin yìí dénúdénú gbà dé ìdí rẹ̀. Ọ̀nà náà ni àwo àkójọ orin.

Àwo àkójọ ni àwo tí kì í ṣe ti olórin kan ṣoṣo. Olórin mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mú orin kọ̀ọ̀kan wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tàbí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan yóò tò wọ́n tẹ̀ léra, wọn yóò ya àwòrán kan sí ojú páálí rẹ̀, wọn yóò sì tà á gẹ́gẹ́ bí odidi kan. Nínú orin tí wọ́n ń pè ní orin abẹ́lẹ̀, ìyẹn orin tí rédíò kì í sábà lò, tí kò sì ní owó ìpolówó lẹ́yìn, irú àwo bẹ́ẹ̀ ni ilé àwọn olórin tí kò tíì nílé. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí ó fi wọ àwọn ọ̀dọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a lè pàdánù bí a bá jẹ́ kí ó lọ láìsí ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn.

Ibi tí orin náà ti ṣẹ̀

Àdúgbò Bronx ní ìlú New York ni hip-hop ti bẹ̀rẹ̀. Àríyá kan tí DJ Kool Herc ti lu orin ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ń gbọ́ orin náà ní àdúgbò wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ní ọdún 1985, Stephen Wiley, tí ó wá láti ìpínlẹ̀ Oklahoma, gbé Bible Break jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n sábà máa ń kà mọ́ àwọn àwo ráàpù ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ọjà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ Michael Peace, ẹgbẹ́ P.I.D. láti ìlú Dallas àti ẹgbẹ́ S.F.C. láti ìpínlẹ̀ California. Ní ọdún 1989, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n pàdé ní Yunifásítì Liberty, tí wọ́n ń jẹ́ dc Talk, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Àwọn díẹ̀ rí ilé iṣẹ́ ńlá tí ó gbà wọ́n, orúkọ wọn sì kàn káàkiri. Àwọn tí ó pọ̀ jù kò rí. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké fi ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Grapetree Records ní Texas, Cross Movement Records ní Philadelphia, Syntax Records ní San Diego, àti Uprok, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ Tooth & Nail ti ìlú Seattle. Syntax ni ó gbé ọ̀wọ́ àwo àkójọ tí wọ́n ń pè ní Night Owls jáde, ọ̀wọ́ tí ó ní apá tí ó ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ yẹn nìkan ti tó láti sọ irú ẹni tí wọ́n ń wá: ẹni tí kì í tètè sùn, tí ó ń gbọ́ orin nígbà tí ilé bá ti dákẹ́.

Adìẹ bà lókùn

Kí a tó lè mọ ìdí tí àwọn olórin yìí fi nílò ara wọn, ó yẹ kí á mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Nínú ìjọ, àwọn àgbà kan ka ìlù hip-hop sí ìlù ayé. Wọ́n wo fìlà, wọ́n wo ṣòkòtò tí ó tú, wọ́n gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tẹ̀ léra, wọ́n sì sọ pé ohun tí ó ti inú ayé wá kò lè gbé ìhìnrere. Ní ìgboro ẹ̀wẹ̀, àwọn tí ó mọ hip-hop dáadáa wo olórin tí kì í bú èébú, tí kì í yangàn nípa owó tàbí obìnrin, wọ́n sì rò pé kò lè dáńgájíá nínú iṣẹ́ náà. Ìjọ ní ó ti dà bí ará ìgboro jù. Ìgboro ní ó ti dà bí ará ìjọ jù.

Èdè àìyedè yìí kò sì tètè tán. Ní ọdún 2013, nígbà tí ráàpù ìgbàgbọ́ ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, àwọn olùkọ́ni kan jókòó níbi àpérò ìjọ kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu orin náà. Ọ̀kan nínú wọn pe àwọn tí ń kọ ọ́ ní ojo. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni náà fi padà wá tọrọ àforíjì. Àwọn tí wọ́n ń bú yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Àwọn mìíràn nínú wọn ti di olùṣọ́-àgùntàn fúnra wọn.

Ọ̀dọ́ tí ó bá wà láàárín irú ìjà bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé òun nìkan ni. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ìlù tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé kí òun fi ọ̀kan sílẹ̀ kí òun tó lè ní èkejì. Bí àwo olórin kan bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò mọ̀ pé ẹnì kan wà bí òun. Bí àwo àkójọ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò mọ̀ pé àwùjọ kan wà bí òun. Mo gbà pé nínú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni agbára àwo àkójọ wà. Ìlù rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ń mú ọ̀dọ́ ni pé ó fi hàn án pé kò dá wà.

Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan yóò pe àwọn ènìyàn wá ṣiṣẹ́ fún un lọ́jọ́ kan, yóò sì fi oúnjẹ àti ọtí ṣe wọ́n lálejò. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yóò máa yí oko ara wọn po: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí yóò fi kárí. Kò sí ọ̀gá, kò sì sí alágbàṣe.

Bí a bá fi ojú yìí wo àwo àkójọ, àáró ni. Olórin tí kò ní owó láti ṣe odidi àwo lè rí owó ṣe orin kan. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń ṣe ìlù yóò ṣe ìlù fún mẹ́ta nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ yóò ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò ní. Nígbà tí àwo bá jáde, kálukú ni yóò gbé e lọ tà níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Olùgbọ́ kan ní Atlanta ra àwo náà nítorí olórin àdúgbò rẹ̀. Kí ó tó gbọ́ ọ tán, ó ti mọ olórin kan ní San Diego tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní ọ̀la, ẹni ti San Diego náà yóò ṣe bákan náà fún ẹni ti Atlanta. Bí wọ́n ṣe ń yá ara wọn ní olùgbọ́ nìyẹn.

Irú ìṣe yìí ni ó bí àwọn ẹgbẹ́ tí ó fara jọ àwo àkójọ tí ó ń fẹsẹ̀ rìn. Tunnel Rats àti L.A. Symphony ní Los Angeles jẹ́ àpẹẹrẹ, nítorí olórin púpọ̀ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Deepspace5 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: Mars ILL wà ní Atlanta, Playdough wà ní Dallas, Sev Statik wà ní ìpínlẹ̀ New York, síbẹ̀ wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n sì gbé àwo The Night We Called It a Day jáde ní ọdún 2002. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọwọ́ tí ó ṣà á

Ohun kejì tí ó ń fa ènìyàn mọ́ àwo àkójọ ni ẹni tí ó ṣà á. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá mú orin wá ni wọ́n ń gbà. Ẹnì kan ti jókòó, ó ti gbọ́ orin àádọ́ta kí ó tó mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti pinnu ẹni tí yóò ṣíde, ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, ibi tí ìlù yóò ti rọlẹ̀, àti ibi tí gbogbo wọn yóò ti bọ́ sórí ìlù kan náà, tí kálukú yóò sọ ẹsẹ tirẹ̀ kí ó tó gbé makirofóònù fún ẹni tí ó kàn. Àwo CD kì í gbà ju nǹkan bí ọgọ́rin ìṣẹ́jú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin fún olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti fi nǹkan ṣe ẹ̀rí pé ó gba ẹni náà gbọ́.

Olùgbọ́ náà a máa kọ́ láti fọkàn tán ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn àwo kejì tàbí ẹ̀kẹta, kì í wo orúkọ olórin mọ́ kí ó tó ra àwo. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni ó ń wò. Àwọn olórin tí kò mọ̀ ni ó ń retí jù, nítorí pé láàárín wọn ni ẹni ọ̀la máa ń wà. Propaganda, tí àwo rẹ̀ Excellent jáde ní ọdún 2012, ti kọ́kọ́ wà láàárín Tunnel Rats. Pigeon John ti wà nínú L.A. Symphony kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí olórin tí ó dá dúró. Ẹni tí ó ti gbọ́ wọn láàárín ogunlọ́gọ̀ ní ìdùnnú kan tí kò sí fún ẹni tí ó bá wọn ní gbangba: ó mọ̀ wọ́n kí ayé tó mọ̀ wọ́n.

Lẹ́tà mẹ́tàlá, orin mẹ́tàlá

Ẹgbẹ́ tí ó fi àwo àkójọ ṣe ìpìlẹ̀ jù, tí ó sì ti ibẹ̀ gòkè, ni 116 Clique. Orúkọ wọn wá láti inú Ìwé Róòmù orí 1 ẹsẹ 16, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ojú kò ti òun nítorí ìhìnrere. Ní ọdún 2004 ni Lecrae àti Ben Washer dá ilé iṣẹ́ Reach Records sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àwo kan jáde tí wọ́n kàn pè ní The Compilation Album. Tedashii wà nínú àwùjọ náà. Ọdún 2006 ni àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́, Kingdom People, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọdún 2006 yẹn kan náà ni Trip Lee, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, gbé If They Only Knew jáde.

Ní ọdún 2007 ni wọ́n wá ṣe 13 Letters. Lẹ́tà mẹ́tàlá ni Bíbélì kọ orúkọ Pọ́ọ̀lù sí; wọ́n fi orin kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti Róòmù títí dé Fílémónì. Wọ́n tún ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè lò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ sọ pé ráàpù kò lè gbé ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ yìí mú odidi apá kan nínú Májẹ̀mú Tuntun, wọ́n sì pín in láàárín ara wọn. Kò sí ẹnì kan tí ó dá a gbé. Òbí tí ó bá ń bẹ̀rù ohun tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ lè ṣí Bíbélì kí ó sì máa fi wé e.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò pamọ́ mọ́. Ní ọdún 2013, àwo Gravity tí Lecrae ṣe gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún àwo orin ìhìnrere tí ó dára jù lọ. Ní ọdún 2014, àwo rẹ̀ Anomaly bọ́ sí ipò kìíní lórí àtòjọ Billboard 200 tí gbogbo orin Amẹ́ríkà ti ń figagbága. Ẹni tí ó bá rí orí pèpéle nìkan yóò rò pé ẹnì kan ni ó gòkè. Ẹni tí ó mọ àwọn àwo àkójọ yóò mọ̀ pé àwùjọ kan ni ó gbé e gòkè.

Ọ̀dọ̀ wa náà kò ṣaláì kàn án. Ní ọdún 2022, Limoblaze, olórin ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Lecrae àti Happi gbé orin Jireh (My Provider) jáde, ó sì di ọ̀kan lára àwọn olórin Reach. Ìlù ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ sínú àáró náà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dùn

Kò yẹ kí á fi ìfẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Nínú àwo tí ó ní orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè jẹ́ mẹ́rin péré ni etí yóò fẹ́ padà sí. Àwọn olórin kan wà tí ìtara wọn ju ẹ̀bùn wọn lọ. Wọ́n ń wàásù, wọn kò kọrin. Àwọn mìíràn fara wé olórin ìgboro kan tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Ohùn àwọn kan ṣe bàìbàì nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ kò dára. Bákan náà, ilé iṣẹ́ kan lè fi àwo àkójọ kó àwọn orin tí kò rí ibi tà tẹ́lẹ̀ jọ, kí ó sì pè é ní àwo tuntun.

Síbẹ̀, àìdọ́gba yìí wà lára ohun tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Nínú àwo kan náà, ọ̀kan ń fi ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe àlàyé bí olùkọ́, èkejì ń ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀kẹta ń sọ nípa ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe, ẹ̀kẹrin ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Oníwàásù kan kò lè sọ gbogbo èyí ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ọ̀dọ́ tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ń mì lè má rí ara rẹ̀ nínú orin kìíní tí ó kún fún ìdánilójú. Ó lè rí ara rẹ̀ nínú orin kẹsàn-án.

Ohun tí ó lè sọnù

Íntánẹ́ẹ̀tì ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó ṣe oore púpọ̀: ilé iṣẹ́ Humble Beast ní ìlú Portland fi àwo sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti mú lọ́fẹ̀ẹ́, olórin kò sì nílò kí ó máa gbé páálí CD kiri mọ́. Ṣùgbọ́n àtòjọ orin tí kọ̀ǹpútà ń tò fún wa lónìí kì í ṣe àwo àkójọ. Ohun tí ó jọ èyí tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń mú wá. Ẹni tí ó ń ṣa àwo, ohun tí a kò tíì gbọ́ rí ni ó máa ń mú wá.

Ewu mìíràn tún wà tí ó ju èyí lọ. Grapetree àti Uprok kò sí mọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, àwo olórin kan ṣì lè padà wá, nítorí ẹnì kan náà ni a ó wá lọ. Ti àwo àkójọ kò rọrùn bẹ́ẹ̀: olórin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ní in, olórí kálukú ni yóò sì fọwọ́ sí i kí ó tó lè jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan ti fi orin sílẹ̀, àwọn kan ti kú, àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún mọ́. Ìlù mìíràn sì wà tí wọ́n gé láti inú àwo àtijọ́ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, èyí tí kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò fẹ́ fọwọ́ kàn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwo àkójọ abẹ́lẹ̀ kò sí níbi tí à ń gbọ́ orin lónìí. Inú àpótí ẹnì kan ni wọ́n wà. Fún àwọn olórin kan, orin kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láyé wọn wà lórí irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí àwo náà bá fọ́, ohùn ẹni náà ti dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ní irú àwo bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti òbí yín, ẹ má ṣe dà á nù nígbà tí ẹ bá ń tún ilé ṣe. Ẹ fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tọ́jú ìwé kékeré tí ó wà nínú páálí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo wọn wà. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orin kìíní títí dé èyí tí ó gbẹ̀yìn láìfo ẹyọ kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ yín bá ń gbọ́ ọ, ẹ jókòó tì í kí ẹ tó bá a wí. Ẹ bi í pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ibo ni ó ti wá, kí ni ó ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà kò tíì mọ bí yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín.